Adìẹ Rahima Tí A Gbà Sìn ní Rolla

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí nígbà tí Tọ́pẹ́ pa adìẹ tó sàba nínú àgbàlá wa lẹ́yìn Rolla, ní Sharjah. Mo ti dàgbà tó láti mọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Síbẹ̀, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí ọmọ Yorùbá tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ̀ pé a kì í gbé adìẹ kúrò lórí ẹyin lọ sínú ìkòkò. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbé òkè ilé gogoro, tí ẹ ń fi fóònù pe ẹyin wá sílé bí ẹni pe ọ̀rẹ́, ẹ fara balẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe gbé rí fún yín.

Ilé ilẹ̀ ni ilé wa. Yàrá ló yí àgbàlá ká, iyanrìn ló wà láàárín, igi dóńgóyárò kan sì ń ṣíji bo táǹkì omi. Rahima àti ọkọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ọmọ Bangladesh, ló gba yàrá méjì tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Lito, télọ̀ ará Philippines, wà lápá ọ̀tún. Ìyá Bùnmi, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ra ọjà ní Deira, ní Dubai, tó sì ń kó o ránṣẹ́ sí Èkó, wà lápá òsì pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé aládàáni kan nítòsí, mo sì gba yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Gẹ̀ẹ́sì, Úrdù àti Lárúbáwá díẹ̀díẹ̀ la lú pọ̀ tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Yorùbá ni mo yí i sí fún yín níhìn-ín. Olúkúlùkù ló ní adìẹ, àfi Lito tó ń sin pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní ariwo adìẹ ti pọ̀ jù fún òun, bí ẹni pé adákẹ́jẹ́ẹ́ ni pẹ́pẹ́yẹ.

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni àkùkọ Ìyá Bùnmi yóò ti kọ, ti Rahima yóò sì dá a lóhùn bí ẹni tí wọ́n bú. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó gbọ́ ìgbálẹ̀ lórí iyanrìn, ṣá, ṣá, ṣá, àti àlùbọ́sà tó ń hó nínú epo. Rahima a máa fi ata tútù àti epo mústádì dín ẹyin tirẹ̀, imú gbogbo ilé á sì máa ta. Lito a máa rẹ ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sínú omi iyọ̀ títí iyọ̀ yóò fi wọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀ ikùn. Nígbà mìíràn, yóò se èyí tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga nínú rẹ̀, yóò sì fi lọ̀ mí. Mo máa ń dúpẹ́, n kì í gbà á. Lóṣù àwẹ̀, ìbọn ńlá tí wọ́n ń yìn láti sọ pé ó tó àkókò ìṣínu a máa dẹ́rù ba àwọn adìẹ wa débi pé wọ́n á fò lọ sórí táǹkì. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sá.

“Orí àwọn oníbàárà mi ní Èkó ni wọ́n gbé wá síbí,” Ìyá Bùnmi á wí. “Bí o bá sọ iye kan náà fún wọn nígbà ọgọ́rùn-ún, wọ́n á pariwo nígbà ọgọ́rùn-ún.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń kánjú lọ sílé ìwé. Mo ti ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo sì gbọ́ pàà. Adìẹ kan ti yé sínú rẹ̀. Rahima rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀.

“Tíṣà,” ó ní, “ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹyin nílùú yín ni?”

Ẹ wá wo ẹyin òde òní. Ọmọ mi mú mi lọ sí ilé ìtajà ńlá kan ní Dubai láìpẹ́ yìí. Wọ́n to ẹyin sínú ike bí ẹni to wúrà. Wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀kan pé fítámì wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára òmíràn pé inú adìẹ tó yé e dùn. Ta ló bi adìẹ léèrè? Mo fọ́ ọ̀kan nílé, pupa inú rẹ̀ ṣí bí aṣọ tí oòrùn ti jẹ lára. Mo ti dé ọ̀kan nínú àwọn oko adìẹ inú aṣálẹ̀ rí. Adìẹ wà lórí adìẹ bí ìwé lórí pẹpẹ, iná mànàmáná ni oòrùn wọn, ẹyin á sì yí gbirigbiri lọ kí ẹni tó yé e tó bojú wẹ̀yìn. Rahima ní bẹ́ẹ̀ ló ti ń dà ní ìlú tiwọn, Lito náà ní bẹ́ẹ̀ ni ní tiwọn. N kò ní parọ́: ẹyin wọ̀nyí ló ń bọ́ ìlú, ebi kò sì mọ àwàdà. Ṣùgbọ́n adìẹ tí kò fẹsẹ̀ tan ilẹ̀ rí, ẹ má sọ fún mi pé inú rẹ̀ dùn. Ẹ sì jọ̀ọ́, adìẹ kì í “ṣe” ẹyin. Ó ń yé e ni. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀kan nínú yín lọ́jọ́sí, n kò fẹ́ dójú tì í níwájú àlejò.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú àgbàlá náà ni gbígba adìẹ sìn. Nílé wa, bí èèyàn bá ní àgbébọ̀ tí kò sì ní àyè, yóò gbé e fún ẹni tó ní àyè àti sùúrù. Ẹni yẹn ni yóò máa sìn ín. Bí ó bá pamọ, wọ́n á pín àwọn òròmọdìẹ sí méjì, ìyá adìẹ á sì jẹ́ ti ẹni tó ni ín. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló so ó ró. Ẹni tí adìẹ àgbàsìn bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, títí láé ni wọ́n á máa fojú wò ó bákan. Nígbà tí Ìyá Bùnmi ṣàlàyé èyí fún Rahima, Rahima pàtẹ́wọ́.

“Bí ìyá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn! Ìdajì fún èmi, ìdajì fún ìwọ!”

Mo wo àwọn obìnrin méjèèjì. Òkun ńlá ló wà láàárín ilé bàbá wọn, òfin kan náà ni wọ́n sì mọ̀.

Rahima ní adìẹ kan tó dúdú, tó kúrú, tí ọrùn rẹ̀ ní funfun tíntìntín bí ẹni wọ́n ìyẹ̀fun sí i. Ìyá Rahima ló di ẹyin díẹ̀ sínú agolo mílíìkì pẹ̀lú èèpo ìrẹsì, tó fi rán mọ̀lẹ́bí kan tó ń bọ̀. N kò bèèrè bó ṣe gba pápákọ̀ òfúrufú kọjá, ẹ̀yin náà ẹ má bèèrè. Abẹ́ adìẹ Ìyá Bùnmi ni wọ́n ti pa ẹyin náà, adìẹ dúdú yìí nìkan ló sì yè dàgbà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sàba lábẹ́ táǹkì ni ìròyìn dé pé ìyá Rahima kú.

Nígbà tí Rahima ń lọ sílé láti ṣọ̀fọ̀, ó di ọwọ́ Ìyá Bùnmi mú.

“Kò sí nǹkan ìyá mi mìíràn lọ́wọ́ mi níbí. Gbà á sìn fún mi.”

“Lọ ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ,” Ìyá Bùnmi dá a lóhùn. “Bí o bá dé, wàá bá a, àti ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.”

Ó ya àkísà pupa, ó so ó mọ́ adìẹ náà lẹ́sẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ti ẹnìkan ni.

Tọ́pẹ́ ni àbúrò Ìyá Bùnmi. Ilé ìfowópamọ́ kan ní Dubai ló ti ń ṣiṣẹ́, Al Karama níbẹ̀ ló ń gbé. Ọmọ tó mọ̀wé ni, n kò ní bu iyì rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá wọ àgbàlá wa, á ká ṣòkòtò sókè bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá.

“Sísítá mi, Dubai la wà o! Ẹ ṣì ń bá adìẹ gbélé?”

“Àwọn tí mò ń bá gbélé kò bú mi rí,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń wí.

Jímọ̀ ni ọjọ́ ìsinmi nígbà náà, kì í ṣe Sátidé tí ẹ bá wọn ń sinmi báyìí. Àwa Kristẹni pàápàá, Jímọ̀ là ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nígbà òtútù, Ìyá Bùnmi lọ di ẹrù ní Deira, Lito wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọkọ Rahima wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, èmi wà nínú ìsìn. Tọ́pẹ́ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì láti ibi iṣẹ́ wá. Ó ti ṣèlérí fún wọn pé òun yóò fún wọn ní adìẹ líle bíi ti ilé, kì í ṣe adìẹ fìríìsà tó ń yọ́ lẹ́nu bí búrẹ́dì. Àwọn adìẹ yòókù sá fún un. Èyí tó wà lábẹ́ táǹkì kò sá, nítorí ó ní ohun tó ń ṣọ́. Ọmọ ọlọ́gbọ́n á bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí adìẹ yìí fi jókòó. Tọ́pẹ́ rò pé oríire ni. Ó tú àkísà pupa dànù, ó sì dúńbú rẹ̀.

Ìgbà tí mo wọlé, ìyẹ́ dúdú ti kún ojú àgbàlá. Mo tẹ̀ ba wo abẹ́ táǹkì: ẹyin nìkan ló kù nínú ìtẹ́. Tọ́pẹ́ ń ro ọbẹ̀, ó ń súfèé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì jókòó lórí àga mi.

“Tọ́pẹ́, adìẹ wo lo pa?”

“Ẹ káàbọ̀, sà. Èyí tó wà lábẹ́ táǹkì ni. Ó rọrùn-ún mú gan-an.”

“Adìẹ tó sàba.”

“Adìẹ ni, sà. Ẹ jókòó, kí n bu díẹ̀ fún yín.”

N kò tíì dá a lóhùn tí Ìyá Bùnmi fi wọlé. Ó rí ìyẹ́, ó rí ìkòkò. Ó kúnlẹ̀ síbi táǹkì, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àwọn ẹyin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló tú ìró rẹ̀, ó kó ẹyin gbogbo mọ́ ikùn ara rẹ̀, ó sì tún un dì.

“Wọ́n ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́,” ó ní. “Tíṣà, ẹ bá mi pe Lito. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló wà níbí yìí. Bí àwọn wọ̀nyí bá kú, n kò mọ ojú tí màá fi wo obìnrin yẹn.”

Tọ́pẹ́ bú sẹ́rìn-ín. “Sísítá mi, nítorí adìẹ? Màá ra mẹ́wàá fún un lọ́la. Khalas, ó parí!”

“Ṣé wàá ra èyí tí olóògbé ìyá rẹ̀ fún un?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

“Ẹ̀yin náà ẹ má sọ ọ́ di fíìmù.”

Ẹ gbọ́ èyí tó kù. Àwọn ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ọ̀kan fa ẹran náà títí, ojú rẹ̀ pọ́n. “Bọ̀ọ̀dá Tọ́pẹ́, ṣé táyà lèyí ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n fi fóònù pe adìẹ díndín, wọ́n sì da ìkòkò náà sínú àgbá ìdọ̀tí ní ẹnu ọ̀nà. Mo ti dárí ji ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mi. Ẹni tí ebi pa tó pa adìẹ aládìẹ, mo lè bá a wí kí n sì fún un ní ìjókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa ìyá lórí ọmọ, tí kò sì jẹ ẹ́, n kò mọ ìjókòó tí mo lè gbé fún un.

Lito sáré dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ létí ẹ̀wù. Bàbá rẹ̀ a máa fi ìrẹsì gbígbóná pa ẹyin pẹ́pẹ́yẹ nílùú wọn, láìsí ìyá, láìsí iná mànàmáná. Ó ní kò tíì fi ti adìẹ dán an wò rí.

“Ó lè ṣàìṣeé ṣe o, Máàmi.”

“Kó ṣàìṣeé ṣe lójú mi,” Ìyá Bùnmi ní. “Yalla, ó yá, gbé páànù.”

Mo lọ ra ìrẹsì tí wọn kò tíì bó níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹyẹ ní Rolla. Lito yan án lórí iná títí ó fi gbóná dé ibi tí ọwọ́ lè gbà á mọ́ra, ó rán àpò kéékèèké, ó rọ ìrẹsì sí i. Nínú kúlà tí Ìyá Bùnmi fi ń gbé omi tútù lọ sí Deira, a tẹ́ àpò kan, a to ẹyin lé e, a tún fi àpò mìíràn bò ó. Bí àpò bá ti ń tutù, a ó tún un yan. Èmi fi ṣọ́ọ̀kì fàmì sí ẹ̀gbẹ́ ẹyin kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ èyí tí a ti yí àti èyí tí a kò tíì yí. Kò sí ohun tí ọwọ́ tíṣà mọ̀ ju ìyẹn lọ.

Ẹ má rò pé eré ni. Ìyá Bùnmi kò lọ sí Deira mọ́. Ọkọ̀ ojú omi gbéra lọ sí Èkó láìgbé ẹrù tirẹ̀, àwọn oníbàárà ń pè é, ó ń bẹ̀ wọ́n. Bí atẹ́gùn òtútù bá ti fẹ́ láti ojú òkun, á gbé kúlà náà wọ yàrá, á fi aṣọ tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ bò ó. Bùnmi ọmọ rẹ̀ ní ìyá òun kò ṣìkẹ́ òun báyìí rí.

“Ìwọ ni mo bí,” ìyá rẹ̀ fèsì. “Àwọn wọ̀nyí, wọ́n fi sọ́wọ́ mi ni.”

Ọ̀pọ̀ nínú ẹyin náà kú. Lito á gbé wọn sójú oòrùn wò, á mi orí, á sì yọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é títí di àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń mu tíì lọ́wọ́ tí mo gbọ́ tí Ìyá Bùnmi kígbe orúkọ mi. Mo fi etí lé kúlà náà: nínú ẹyin kan, ohùn kékeré kan ń pè. Mẹ́ta péré ló pa. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan rí ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀kẹta sì ní funfun tíntìntín lọ́rùn. Nítorí pé Ìyá Bùnmi ni wọ́n kọ́kọ́ rí, òun ni wọ́n mú ní ìyá. Bó bá lọ sílé ìdáná, wọ́n á tẹ̀ lé e; bó bá jókòó, wọ́n á wọ abẹ́ ìró rẹ̀.

Rahima dé. Ìyá Bùnmi kò jẹ́ kó sọ ẹrù kalẹ̀ kó tó sọ ọ́ fún un, kò sì fi ohunkóhun pa mọ́. Ó ní, “Àbúrò mi ló pa á. Ọwọ́ mi lo fi í sí, èmi ni kí o bá wí.” Rahima jókòó sórí àpótí rẹ̀.

Ibẹ̀ ló jókòó sí tí Tọ́pẹ́ fi wọlé, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pàṣẹ pé kó wá tọrọ àforíjì. Ó gbé páálí adìẹ fìríìsà dání, àti ẹyin oníke tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí lára. Ó sọ wọ́n kalẹ̀ lórí iyanrìn.

“Áńtí, ẹ má bínú. Èyí ju tiyín lọ fíìfíì. Ọ̀rọ̀ ti parí.”

Rahima fi ọwọ́ méjèèjì gba páálí náà, ó dúpẹ́. Ó ṣí i, ó wo àwọn adìẹ tí kò ní orí, tí yìnyín bò, tí gbogbo wọn tó ọgbọọgba. Ó bi í léèrè jẹ́jẹ́:

“Èwo nínú wọn ló ń dáhùn bí mo bá pè é?”

Tọ́pẹ́ rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo fóònù rẹ̀, ó ní takisí òun ń dúró.

Nígbà tó lọ tán, Rahima lóṣòó sórí iyanrìn, ó na ọwọ́, ó sì pè bí ìyá rẹ̀ ti ń pe adìẹ: “Tí-tí-tí, tí-tí-tí.” Àwọn òròmọdìẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọjú lábẹ́ ìró Ìyá Bùnmi. Wọ́n wò ó. Wọ́n tún padà wọlé. Ìyá Bùnmi fẹ́ lé wọn jáde, ojú ń tì í. “Ẹ lọ! Ẹni tó ni yín nìyẹn!” Wọn kò lọ.

Rahima bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Fi wọ́n sílẹ̀,” ó ní. “Gbà wọ́n sìn fún mi. Bí wọ́n bá pamọ, ìdajì fún èmi, ìdajì fún ìwọ.”

Ìyá Bùnmi, ẹni tí kò sunkún láti ọjọ́ tí wọ́n ti pa adìẹ náà, wá fi ọwọ́ bo ojú.

Wọ́n ti wó ilé náà. Ilé alájà púpọ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí, kò sí iyanrìn tí adìẹ lè tan, ìjọba kò sì gba ẹran ọ̀sìn láyè nínú ilé mọ́. Wọ́n ní nítorí àìsàn ni, n kò sì bá wọn jiyàn. Tọ́pẹ́ ti di ọ̀gá. Ó ń gbé ibi tí wọ́n ti ń fi káàdì ṣílẹ̀kùn, ó sì ń fi àwòrán ẹyin adìẹ tí inú rẹ̀ dùn ránṣẹ́ sí gbogbo wa, pé kí àwa àgbà máa jẹun bó ti yẹ. Mo máa ń wò ó, mo sì máa ń pa fóònù. Kì í ṣe ẹyin náà ni mo kẹ́gàn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ lọ sin adìẹ sínú ilé yín. Wọ́n á lé yín jáde, n kò sì ní àyè tí mo lè fi yín sí. Ẹ jẹ ẹyin tí ẹ bá rí. Ohun tí mo bẹ̀ yín kí ẹ kọ́ ni èyí: bí ẹ bá dé ibi tí ohun kan jókòó sí tí kò sá fún yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ń ṣọ́ àti ẹni tó ni ín, kí ẹ tó na ọwọ́.